Ẹ Má Fi Òṣíbàtà Ṣe Èpò

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti owó ọmọ-ẹgbẹ́ tí akápò ń tìtorí rẹ̀ bá wa jà. Ọ̀rọ̀ ewé ni.

Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya, tí a kì í rí ilé àfi ní ọdún Kérésì tàbí Iléyá, ẹnu àwọn ìyá wa ni a ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá wa. Bí a bá ń lọ ṣe ìdánwò, wọn a ní, “Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ẹ ó lékè.” A ó ṣe “Àmín”, ó parí. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni òṣíbàtà. (Ẹnìkan nínú wa tilẹ̀ rò pé irú bàtà kan ni.)

Minna ni a ti wá rí i. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ Hausa ló nawọ́ sí òdòdó funfun kan lójú adágún tí a máa ń gbà kọjá lọ sí kíláàsì, ó ní “bado” nìyẹn, pé ìyá àgbà òun a máa se kóró rẹ̀ àti iṣu ìdí rẹ̀ jẹ nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n. Olùkọ́ kan tó mọ ewéko ló wá là wá lójú pé òṣíbàtà gan-an ni. Ẹnu Hausa la gbà dé ìdí àdúrà Yorùbá!

Adágún náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó òṣìṣẹ́ wá láti tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì fa gbogbo ewé ojú omi tu, wọ́n ní wọ́tà háyásíǹtì ni. Ohun tó bí wa nínú tí a fi gbé gègé nìyẹn.

Lóòótọ́, wọ́tà háyásíǹtì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1984 ni ó gba ojú omi láti ilẹ̀ Benin wọ Badagry, ó sì bo ọ̀sà Èkó àti odò ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọkọ̀ kò ráyè kọjá, apẹja kò rí ibi da àwọ̀n sí. Kò pẹ́ tó fi dé odò Ọya àti adágún Kainji, ní ìpínlẹ̀ Niger wa níbí. Ẹni tó ń bá a jà, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta ní ń lé olè tí ń na onílé mọ́ ọn?

Kò ṣòro láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Háyásíǹtì ń léfòó ni, gbòǹgbò rẹ̀ ń fì nínú omi, igi ewé rẹ̀ a wú bí bọ́ọ̀lù kékeré, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ elése-àlùkò. Òṣíbàtà ní ilé: iṣu rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pá gígùn ló gbé ewé wá sókè. Ewé náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, etí rẹ̀ rí ṣákáṣàka bí eyín ayùn. Òru ni òdòdó funfun náà máa ń là. Bí oòrùn bá ti ń gun òkè, yóò padé. Ojú ewé tó kọjú sókè ló fi ń mí, ihò inú ọ̀pá rẹ̀ ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ìdí tó wà nínú ẹrẹ̀.

Ewé yẹn ń ṣíji bo omi kí ó má baà gbóná jù, kí nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń mú omi rùn má baà ráyè. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí. Ẹyẹ kan tilẹ̀ wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí ewé náà láìrì. Lẹ́yìn tí wọ́n tu ti adágún wa, òjò bí mélòó kan ni ó rọ̀, omi náà sì di ọbẹ̀ ewédú.

A kò sọ pé kí ó bo gbogbo omi o. Bí kò bá sí ẹni tí ń dín in kù, ó lè gba adágún kékeré tán, ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá sì fẹ́ràn abẹ́ ewé. Níbi tí ọmọdé ti ń wẹ̀, kí wọ́n gé e dín kù. Gígé yàtọ̀ sí fífà tu.

Ará Faransé kan, Claude Monet, tó kú ní 1926, gbin ẹbí òṣíbàtà sí àgbàlá rẹ̀, ó sì ya àwòrán rẹ̀ tó nǹkan bí 250. Ayé ń rọ́ lọ wò ó. Àwa tó ni àdúrà rẹ̀, òdòdó ọ̀rá la ń rà fi ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ ẹgbẹ́.

Àbá wa rèé: kí ẹgbẹ́ gbin òṣíbàtà sínú ìkòkò amọ̀ ńlá, kí a fi ẹrẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí a bu omi kún un, kí a sì ju ẹja wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i nítorí ẹ̀fọn. Ọ̀rẹ́ wa Hausa ti ṣèlérí láti mú iṣu rẹ̀ wá láti ìlú wọn. Ìkòkò ló kù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ní èyí tí kò lò mọ́, kí ó bá wa gbé e wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé.