Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn wa

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ méjì-méjì kan ni, àwọn tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n á so táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tí wọ́n á lẹ orúkọ wọn mọ́ àyà lára páálí dúdú pélébé, tí wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn láti Uselu dé New Benin. Nígbà mìíràn, ọmọbìnrin ni wọ́n, àwọn náà méjì-méjì. Ẹ mọ̀ wọ́n. Mọ́mọ́nì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè wọ́n. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe ìjọ wọn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn.

Ohun tí etí wa ń gbọ́ nípa wọn ládùúgbò kò dára tó. Àwọn kan ní ọmọ Yahoo ni wọ́n, pé aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bojú. Àwọn kan ní amí ni wọ́n. Àwọn kan á ní kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, àwọn mìíràn a sì máa tú ajá sí wọn. Bí ó bá jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà nìkan ni, a ò bá má dá sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú yàrá wa. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n gbé e wá síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa pé ọmọ kan láàárín wa, ọmọ ọdún méjìdínlógún tàbí mọ́kàndínlógún, ti wọ ìjọ yìí, ìwé sì ti dé pé kí ó lọ ṣe míṣọ́nnárì fún ọdún méjì níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ kò dé rí. Bàbá ní òun ò gbọ́. Ìyá ń sunkún. Ọmọ ní òun ń lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ń pè láti ilé, wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n ti ta ọmọ fún òyìnbó ni.

Kí ẹ tó máa rò pé a fẹ́ wàásù fún yín, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kedere: a kì í ṣe ọmọ ìjọ náà, a ò sì bá wọn polówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú onílùú, bí àwa kò bá mọ bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Àjò ni àwa náà ti ń jẹun.

Báyìí ni ètò wọn ṣe rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè lọ bí ó bá ti pé ọdún 18, oṣù 24 ni yóò sì lò. Ti ọmọbìnrin jẹ́ oṣù 18. Kí ó tó di ọdún 2012, ọkùnrin gbọ́dọ̀ pé 19, obìnrin gbọ́dọ̀ pé 21. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Wọ́n lé ní 70,000 káàkiri ayé. Kò sí ẹni tó ń yan ibi tí òun yóò lọ. Ìwé á jáde láti olú ilé-iṣẹ́ ìjọ náà ní Salt Lake City, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ibi tí ìwé bá sì dárúkọ náà ni. Ọmọ Ìbàdàn lè bá ara rẹ̀ ní Aba, ọmọ Uyo lè bá ara rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọmọ Ghana lè bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, nítorí míṣọ̀n kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Benin yìí gan-an. Ó jọ ti àwọn àgùnbánirọ̀ wa, àbí kò jọ ọ́? Láti ọdún 1973 tí ìjọba ti dá NYSC sílẹ̀ la ti ń sin ọmọ lọ sí gáréèjì, tí a ń sunkún, tí ọmọ sì ń padà wá pẹ̀lú èdè tuntun lẹ́nu, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyàwó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àgùnbánirọ̀ ti ka ìwé tán, ọdún kan ni tirẹ̀, ìjọba sì ń fún un lówó. Míṣọ́nnárì kì í gba owó oṣù. Òun àti ẹbí rẹ̀ ló ń dá a. Láti oṣù keje ọdún 2020, 500 dọ́là lóṣù ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹbí ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó wá láti ilẹ̀ tí owó kò ti pọ̀ ń dá ìwọ̀n tí agbára wọn ká, àpò ìjọ á sì fi ìyókù kún un.

Orúkọ oyè wọn ló máa ń pa àwọn àgbà wa lẹ́rìn-ín. "Elder" ni wọ́n kọ sára páálí dúdú yẹn ṣáájú orúkọ ìdílé ọmọkùnrin náà. Ẹ wo ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù tán tí wọ́n ń pè ní alàgbà! Nílé wa, ká tó pe ènìyàn ní alàgbà, ó ti gbéyàwó, ó ti fa ọmọ fọ́kọ, ó ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀. Ipò inú ìjọ ni tiwọn o, kì í ṣe ti ọjọ́ orí. Síbẹ̀, bí a bá rẹ́rìn-ín tán, ká tún wò ó: iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọmọ náà lórí, iṣẹ́ àgbà ni. Ó ń wọ ilé ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ń jókòó ti ẹni tí ọtí fẹ́ bà jẹ́, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè tí pásítọ̀ ogún ọdún kò rí dáhùn, òun náà sì wà níbẹ̀ tó ń ro ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sè nílé.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jí, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á kàwé, wọ́n á gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó di títì. Kò sí fíìmù, kò sí ọ̀rẹ́bìnrin, kò sí òde àríyá. Wọn kì í mutí, wọn kì í fa sìgá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í mu tíì àti kọfí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi Lipton ṣe àlejò, ẹ má bínú bí wọ́n bá ní ẹ ṣeun. Omi tútù ni kí ẹ fún wọn. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ajé níbi púpọ̀, ni wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà, tí wọ́n sì fi ń kọ̀wé sílé.

Èyí tó le jù lójú tiwa ni ti ẹnìkejì. Míṣọ́nnárì kì í dá rìn. Ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ó ti lè rí i, tí ó sì ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun kọ́ ló yàn án, òun kọ́ ni yóò sì sọ ìgbà tí wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àjèjì gbé yàrá kan rí ní face-me-I-face-you mọ ohun tí à ń wí: ẹni tó ń hanrun, ẹni tí kì í fọ abọ́, ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ, ẹni tí àárò ilé ń mú bíi ti tìẹ ṣùgbọ́n tí kò ní sọ. Tìrẹ, o lè jáde lọ gba atẹ́gùn. Tirẹ̀, bí ó bá jáde, wọ́n jọ jáde ni.

Títí di oṣù kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gbà wọ́n láyè láti gbọ́ ohùn òbí wọn lórí fóònù, nígbà Kérésìmesì àti ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Ìyókù, lẹ́tà ni. Nígbà tó yá, ó di íméèlì. Ọdún yẹn ni wọ́n yí i padà pé wọ́n lè máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dé ìlú yìí kí GSM tó dé ní ọdún 2001, ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fi ìwé rán awakọ̀, tí èsì á fi di ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ti gbádùn.

Ṣé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ìrìn yìí ni? Samuel Ajayi Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, òun ló padà wá gẹ́gẹ́ bíi míṣọ́nnárì, tó sì rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Kò sì torí ìyá jókòó síbẹ̀. Láti ọdún 1857 ni ó ti ń ṣe kòkárí míṣọ̀n Odò Ọya, ní Onitsha àti Lokoja, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó kó ọjà lọ sí ilẹ̀ Hausa àti Ghana gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dání lọ síbẹ̀. Àwọn mùsùlùmí wa, ibi tí wọ́n bá pàtẹ sí náà ni wọ́n ń kọ́ ràtìbì sí. Gbogbo wa la ti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀ rí, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́.

Òótọ́ kan náà ló ní ká má fi àánú bo ìtàn. Ìjọ yìí tí Joseph Smith dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1830 kò gba ọkùnrin dúdú sí ipò àlùfáà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà náà. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kí wọ́n tó ṣí i, àwọn ènìyàn ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti rí ìwé wọn kà, wọ́n ti ń péjọ fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí Utah léraléra pé kí wọ́n wá. Anthony Obinna ní Imo wà lára wọn. Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni wọ́n tó rì í bọmi. Ní ọdún 2005, wọ́n ya tẹ́ńpìlì sí mímọ́ ní Aba. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ, kí ó jókòó sọ ìtàn yìí fún un kí ó tó di ẹrù. Kí ó tún bá a ṣírò ìwé rẹ̀: èsì JAMB ti ọdún yìí kò wúlò fún ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà ẹni tó lo ọdún méjì lóde yóò tún ìdánwò ṣe. Ó sì yẹ kí wọ́n jọ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ, pé àwọn kan ń padà sílé kí oṣù wọn tó pé, nítorí àìsàn tàbí nítorí pé ọkàn wọn kò gbé e. Ní Utah pàápàá, ojú máa ń ti irú wọn bí ẹni tó sá lójú ogun. Bí ọmọ tiwa bá dé lóṣù kẹfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ má bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ó bá ti gbọ́ gbogbo èyí, tó pé ọjọ́ orí, tó sì ní òun ń lọ, èrò tiwa ni pé kí wọ́n súre fún un kó máa lọ. Ègún bàbá kì í dá ọmọ dúró, ó kàn ń mú kí ó lọ láìní ilé tí yóò pè ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ló kù. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ní àwọn kò lè fi ọmọ ọdún 19 sílẹ̀ fún ọdún méjì. Ó dára. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wo ló wá ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé wọn yẹn? Abúlé wo ni wọ́n ti mú un wá? Ìgbà wo ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kẹ́yìn? Ọmọ Mọ́mọ́nì mọ oṣù tí òun ń padà. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò mọ̀. Ọmọ Mọ́mọ́nì ní ẹnìkejì tí yóò kígbe bí ó bá ṣubú. Ọmọ ọ̀dọ̀ dá wà. Ọmọ Mọ́mọ́nì ní ààrẹ míṣọ̀n kan, tòun tìyàwó, tó mọ yàrá tó ń sùn. Ìyá ọmọ ọ̀dọ̀ kò mọ orúkọ àdúgbò. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọ náà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún míṣọ́nnárì padà sí ilẹ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé ibi tí olúkúlùkù wà wà lákọsílẹ̀. Àwa ńkọ́? Bí wàhálà bá bẹ́ ní ìlú yìí lọ́la, ta ló lè sọ iye ọmọ ọlọ́mọ tó wà nínú ilé àwa ọmọ Yorùbá àti ibi tí wọ́n á dá wọn padà sí? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti ọdún 2003. A mọ̀ pé àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí wọ́n tọ́ ọmọ ẹlòmíràn títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn fà á fọ́kọ. Àwọn yẹn kọ́ là ń bá wí.

Ní ti àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, a ti ní ẹ̀sìn tiwa" tó. Òbí tó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ òun lẹ́yìn òun, òfin ìjọ náà ni pé wọn kì í ri ọmọ tí kò tíì tójú bọ́ bọmi láìgba àṣẹ òbí. Ẹ lè fi ìyẹn bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ajá, omi ìdọ̀tí àti èébú ìyá, ẹ jẹ́ kí ó tán. Ìyá náà lè máa gbé ládùúgbò tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé gbogbogbòò wa. A óò dábàá níbẹ̀ pé kí akọ̀wé ṣí ìwé ńlá kan tí ojú ewé rẹ̀ á pín sí méjì: apá kan fún àwọn ọmọ wa tó lọ sí ibòmíràn, ìbáà jẹ́ míṣọ́nnárì, àgùnbánirọ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́, kí a lè bá ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ìlú tí wọ́n wà sọ̀rọ̀, apá kejì fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ wa. Kí ẹni tó bá ní ọmọ lọ́dọ̀ mú orúkọ abúlé rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ dání wá.