Ẹ Fún Nọ́ńbà Owó Láyè Lára Etikẹ́ẹ̀tì

   Lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá jókòó sídìí ètò yìí, owó ọjà tó ń gòkè là ń sọ. Ti òní yàtọ̀. Owó tí wọ́n kọ síwájú ẹni, tí ojú ò sì rí i kà dáadáa, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìyá mi lọ sí súpámáṣé kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá mi mú 5 000 fránkì dání. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ọjà: mílíìkì oníyẹ̀fun, òróró, ṣúgà àti ọṣẹ. Bó ṣe ń mú un ló ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ó ṣe é ṣe é, ó jẹ́ 4 950. Inú rẹ̀ dùn pé 50 fránkì á ṣẹ́ kù. Nígbà tó dé iwájú ẹni tó ń gbowó, wọ́n ní 5 450 ni. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí àpò mi, ó ní rárá. Ó yọ ọṣẹ kúrò, ó sanwó ìyókù.

Mo ní kó dúró dè mí díẹ̀, mo padà lọ wo etikẹ́ẹ̀tì mílíìkì yẹn. Níbi tí mo dúró sí, 1 350 lèmi náà kà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ni mo tó rí i pé 1 850 ni. Mo kọ́ iṣẹ́ tísà, mi ò tíì pé ogójì ọdún, ojú mi sì ń ríran.

Kí ló fà á? Irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ ni. Lẹ́tà tóóró ni, tí a fún pọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, tí àwọn nọ́ńbà wá há mọ́ra wọn bí èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn tasí.

Mo mọ ìdí tí àwọn oníbùtíìkì fi ń yàn án. Etikẹ́ẹ̀tì ò tóbi. Orúkọ ọjà lédè Faransé gùn, wọ́n tún fẹ́ kọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ìlà dúdú-dúdú tí ẹ̀rọ ń kà sí i. Lẹ́tà tóóró ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Mi ò sọ pé wọ́n fẹ́ jalè o. Ohun tí mo sọ ni pé ibi tí wọ́n ti fún un pọ̀ ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ etikẹ́ẹ̀tì kì í lo yíǹkì. Ooru ló fi ń sọ bébà di dúdú, ní àmì bíńtín-bíńtín, àmì 8 nínú mìlímítà kan. Nọ́ńbà tó bá fẹ̀ tó mìlímítà 3 ní àmì 24 láti fi ya ara rẹ̀. Ẹ fún un di mìlímítà kan àti ààbọ̀, àmì 12 péré ló kù. Ẹ yọ 3 fún ìlà apá òsì, ẹ yọ 3 fún ti apá ọ̀tún, ẹ yọ 2 fún àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀. Ihò inú nọ́ńbà yẹn ku àmì 4, ìyẹn ìdajì mìlímítà. Bí ooru ẹ̀rọ bá pọ̀jù díẹ̀, ihò náà á dí. Bẹ́ẹ̀, ihò yẹn ni ojú fi ń mọ 8 yàtọ̀ sí 3, òun ló fi ń mọ 6 yàtọ̀ sí 5.

Ẹ wo 1 àti 7 pẹ̀lú. Ní ilé ìwé tiwa níbí, a máa ń sọ fún ọmọ pé kó fa ìlà kékeré gba àárín 7, torí 1 tiwa ní ìwọ́ lórí. Lẹ́tà kọ̀ǹpútà kì í sábà ní ìlà yẹn. Bí ẹ bá fún 7 pọ̀, orí rẹ̀ á kúrú, ó di 1. Àlàfo tó wà nínú 12 500 náà, lẹ́tà tóóró a máa jẹ ẹ́.

Ẹnì kan á ní, “Ẹni tí ò bá rí i, kó béèrè.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ò ka ìwé Faransé. Orúkọ gígùn yẹn, wọn ò kà á. Àwòrán ara páálí ni wọ́n fi ń mọ ọjà. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n lè kà lára etikẹ́ẹ̀tì, torí owó àti fóònù ọwọ́ wọn ti fi kọ́ wọn. Ẹ wá gba àyè lọ́wọ́ ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn, ẹ gbé e fún orúkọ tí wọn ò kà! Lẹ́yìn ogójì ọdún pàápàá, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun kékeré tó sún mọ́ ọn mọ́. Ọjọ́ orí ni, kì í ṣe àfọwọ́fà. Ta ló sì fẹ́ máa béèrè “mélòó lèyí, mélòó nìyẹn” láàárín àwọn ọmọdé tí ń kánjú?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ní yín lára. Ẹ fi lẹ́tà tóóró kọ orúkọ ọjà bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì gé e kúrú. Ẹ fi lẹ́tà tó fẹ̀ kọ owó, kó gba ìdajì etikẹ́ẹ̀tì. Bó bá di dandan kó tóóró, ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe ní tóóró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín fún lẹ́tà gbígbòòrò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, torí àwọn ìlà tó dúró á tín-ín-rín, àwọn tó dùbúlẹ̀ á sì nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ 1 350, 1 850 àti 7 100, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín. Bó bá ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó kà á, ẹ tún un ṣe.

Ìyá oníràìsì tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 600 gàdàgbà sórí pátákó rẹ̀ lọ́jà, òun mọ ohun tó ń ṣe. Kò ní kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a jà nídìí owó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, bí ojú bá ń ṣe yín bàìbàì, ẹ ya fọ́tò etikẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, tàbí kí ẹ pe ọmọ tó wà nítòsí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lórí ètò yìí kan náà, gbogbo ìgbà là ń sọ pé kí a máa fi ọṣẹ fọwọ́. Ọṣẹ ni ìyá mi fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àgbà ọ̀hún ríran lọ́jà ná.