Ọ̀sà Kì í Ṣe Ilẹ̀ Tí Wọn Ò Tíì Kọ́lé Sí

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí wọ́n kúkú kó yanrìn dí ọ̀sà Èkó, kí ilẹ̀ lè pọ̀ sí i. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí Ẹ̀pẹ́ ni màmá àgbà mi ti ń ta ẹja.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo omi ńlá ní òkun. Yorùbá ò sọ bẹ́ẹ̀. Òkun níyọ̀, odò ò níyọ̀, inú ọ̀sà ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ilẹ̀ ló yí ọ̀sà Èkó ká. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó nìkan ló ti kan òkun tààrà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba ibẹ̀ wọlé. Tí òjò bá dé, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn á da omi wọn sí i, iyọ̀ á sì dínkù. Ohun tó ń gbé inú rẹ̀ ti mọ ìgbà méjèèjì. Àwọn edé ńlá kan ń yé ẹyin sínú òkun, ọmọ wọn á wá dàgbà nínú ọ̀sà. Koríko orí omi tí àwọn kan ń pè ní gbéborùn, tó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1984, máa ń bo omi nígbà òjò. Tí iyọ̀ bá dé, á kú.

Ṣé irú omi báyìí la fẹ́ dí? Tí wọ́n bá ń wa yanrìn níbẹ̀, omi á dàrú, ibi tí ẹja ń yé sí á bàjẹ́. Tí wọ́n bá dí i, ilé ta ni omi òjò máa lọ? Màmá àgbà ní ọ̀nà tí àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ dé báyìí kí wọ́n tó rí ẹja ti jìn ju tàtijọ́ lọ.

Mo gbà pé èrò pọ̀ l'Ékòó, yanrìn la sì fi ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi àwọn apẹja kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibikíbi.

Ẹ lè ní Maitama la wà, kí ló kàn wá? Omi gọ́tà wa ò lọ sí Èkó lóòótọ́. Odò Usuma ló ń lọ, Usuma ń lọ sí Gurara, Gurara sí Odò Ọya, Ọya sí òkun. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tí a ń jù sílẹ̀ lẹ́yìn prep mọ ọ̀nà yẹn dáadáa.

Àbá mi nìyí: ká máa ju náílọ́ọ̀nù síbi ìdalẹ̀nù, kí ẹni tó bá sì lọ sílé ní họ́lídé béèrè orúkọ ẹja mẹ́ta lọ́wọ́ àgbà, kó kọ ọ́ wá fún ẹgbẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.