Ta Ló Ní Ẹbí Ni Wọ́n?

Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn lórí rédíò tún ti gbé tirẹ̀ dé. Ó ní dáínósọ̀ pàápàá mọ iyì ẹbí: bàbá a ṣíwájú, ìyá a tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ a wà láàárín, wọn a jọ dọdẹ, wọn a sì jọ jẹun. Ó wá bi wá pé ojú ò ha tì wá? Ojú ò tì mí o. Irọ́ ni. Deinonychus ni ẹranko tó ń sọ, kò sì sí egungun kan tó jẹ́rìí sí ìtàn yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ kò fara sin. Lọ́dún 1964, John Ostrom ti Yunifásítì Yale àti Grant Meyer rí egungun kan ní Montana, ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1969 ni Ostrom sọ ẹranko náà lórúkọ. Ó gùn ju mítà 3 lọ, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, ìka kejì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbé èékánná ńlá kan tó tẹ̀ kọrọdọ, tí kì í kanlẹ̀. Egungun Deinonychus mẹ́ta, ó kéré tán, ló wà lójú kan náà pẹ̀lú ti Tenontosaurus, ajewéko tó jù wọ́n lọ fíìfíì. Ostrom wá rò pé ńṣe ni wọ́n jọ ń dọdẹ lọ́wọ̀ọ́. Onímọ̀ tó ronú jinlẹ̀ ni, n kò bá a jà. Àwọn tó sọ èrò rẹ̀ di ìwàásù ni mo bá ní gbólóhùn asọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Tí ẹ bá bá mo-gbọ́-mo-yà mẹ́ta nídìí ìkòkò ìrẹsì òde àríyá, ṣé ọmọ ìyá ni wọ́n? Àwọn olùṣèwádìí méjì, Brian Roach àti Daniel Brinkman, dáhùn lọ́dún 2007: bí awọ́nrínwọ́n ńlá tó wà ní erékùṣù Komodo ṣe ń ya bo òkú ẹran, kí kálukú lè já tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Deinonychus ṣe. Wọ́n tilẹ̀ ní ó jọ pé àwọn kan nínú wọn pa ara wọn síbẹ̀. Ẹbí rere!

Ọ̀gbẹ́ni wa kò gbọ́ èyí. Fíìmù ọdún 1993 yẹn, Jurassic Park, ló ń wò. Inú ń bí mi sí fíìmù náà di òní. Velociraptor ni wọ́n pe ẹranko inú rẹ̀ tó jọ Deinonychus, bẹ́ẹ̀ Velociraptor gidi, ará Mòǹgólíà, kò ju tòlótòló lọ. Wọ́n bọ́ ìyẹ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n wá kọ́ ọ ní ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló fi èèrà kọ́ wa níṣẹ́ ṣíṣe lọ́jọ́sí, tó ní ká máa ṣiṣẹ́ bọ́ ọmọ bíi tirẹ̀. Kò mọ̀ pé èèrà tó ń ru ẹrù yẹn kì í sábà bímọ. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa ẹranko kò ju báyìí lọ.

Eyín gan-an ló parí ẹjọ́. Oúnjẹ máa ń fi àmì kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ sínú eyín. Lọ́dún 2020, Joseph Frederickson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eyín Deinonychus wò, kékeré àti ńlá. Àmì inú ti kékeré yàtọ̀ sí ti ńlá. Wọ́n yẹ eyín ọ̀nì ayé ìgbà náà wò, ìyàtọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹran tí òbí bá pa ni ọmọ ìkookò ń jẹ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni Deinonychus ń ṣe, àmì inú eyín ọmọ ì bá bá ti àgbà mu. Ọmọ Deinonychus wá tirẹ̀ jẹ lọ́tọ̀. Irọ́ ni wọ́n pa fún wa.

Mo mọ ohun tí ọ̀gbẹ́ni orí rédíò yìí máa fi fèsì. Á ní ẹyẹ bá dáínósọ̀ tan, àṣá Harris sì wà ní Amẹ́ríkà tó ń jọ dọdẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ àṣá yòókù ńkọ́, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá rìn? Á tún ní wọ́n rí èèpo ẹyin lára egungun Deinonychus kan tí awalẹ̀-wá-egungun kan, Barnum Brown, ti wú lọ́dún 1931, kí Ostrom tó sọ ẹranko náà lórúkọ, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń sàba ni. Mo gbà. Ọ̀nì náà ń ṣọ́ ẹyin, a sì máa fẹnu gbé ọmọ lọ sínú omi. Tí wọ́n bá débẹ̀ tán, kálukú a wá oúnjẹ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tọ́ ọmọ yín bó ṣe yẹ, torí pé ọmọ yín ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹranko tó ti kú láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún bú yín, pàápàá ẹranko tí kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe.