Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Ojú Náà Lorin Wà

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń jọba, ojú ni olùrà kọ́kọ́ fi ń pàdé orin. Páálí tí wọ́n fi ń di àwo ńlá fẹ̀ tó ínǹṣì 12 níbùú lóròó, ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù á yí i síwá sẹ́yìn kó tó ná owó. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé iṣẹ́ ìtumọ̀ gidi ni kéèyàn fi àwòrán sọ ohun tí àkọlé orin ń wí. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́ náà nígbà kan, ó sì yẹ kí tiwa náà padà sídìí rẹ̀.

Ẹ wo Abbey Road, àwo tí ẹgbẹ́ Beatles gbé jáde lọ́dún 1969. Òpópónà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ wà. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Iain Macmillan gun àkàbà láàárín títì, ọlọ́pàá bá a dá ọkọ̀ dúró, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tò sọdá lórí ìlà funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ló ya fọ́tò. Àkọlé dárúkọ títì, àwòrán fi títì hàn wá. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tó rọrùn jù nìyẹn.

Band on the Run ti Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings tún gbé e ga sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan ìlú Èkó. Ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1973. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí Paul àti Linda ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì kó téèpù orin wọn lọ. Lórí páálí àwo náà, Clive Arrowsmith sọ àkọlé di ìtàn: àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń sá lọ, tí ìmọ́lẹ̀ iná ńlá ká mọ́ ara ògiri lóru. Ọgbà Osterley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ti yà á. Christopher Lee òṣèré fíìmù àti John Conteh akànṣẹ́ wà láàárín wọn.

Ní tèmi, kò sí èyí tó ju Wish You Were Here ti ẹgbẹ́ Pink Floyd lọ, àwo ọdún 1975. Ẹni tí ọkàn wa ń fà sí ṣùgbọ́n tí kò sí nítòsí ni àkọlé náà ń sọ. Báwo la ṣe ń ya ẹni tí kò sí? Storm Thorgerson àti Aubrey Powell, tí iléeṣẹ́ wọn ń jẹ́ Hipgnosis, kó ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ní Burbank, ní Kalifóníà. Àwọn méjèèjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́, iná sì ń jó lára ọ̀kan. Iná gidi ni. Ronnie Rondell, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ara wewu nínú fíìmù, wọ aṣọ tí iná kì í ràn sábẹ́ kóòtù. Síbẹ̀ atẹ́gùn yí padà lẹ́ẹ̀kan, iná sì bà á lójú. Ohun tí àwòrán náà ń wí ni pé ẹni tó bá na ọwọ́ ìfẹ́ lè jóná, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bọ ọwọ́ láìmú ọkàn wọn wá. Ara wà níbẹ̀, èèyàn kò sí níbẹ̀. Ìtumọ̀ tó dé gbòǹgbò nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1974, Lemi Ghariokwu, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì pé ogún ọdún, ya Alagbon Close fún Fela. Àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti ti Fela mọ́lé ni orin náà dárúkọ. Dípò kí Lemi ya ẹlẹ́wọ̀n tó ń sunkún, Fela tó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló yà, tó ń jó, ẹja àbùùbùtán sì ń dojú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé.

Lónìí, ojú fóònù ni àwòrán orin wà, kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ojú olórin fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń kún un. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Inú orin náà ló yẹ kí ayàwòrán wò kó tó ya ojú rẹ̀. Ẹ̀yin olórin wa, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ orin náà tán kí ẹ tó bá a dúnàádúrà. Ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí a ti lè rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra orin, ẹ béèrè orúkọ ayàwòrán bí ẹ ṣe ń béèrè orúkọ onílù.