Ẹ̀jẹ́ Ọdún Titun àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

  Àwa ọmọ Okun, "okun" náà ni a fi ń kí ara wa láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Agbára ni a ń tọrọ fún ẹni tí a ń kí. Ọ̀rọ̀ agbára yìí ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó jáde ní ilé ìsìn ní òru àìsùn ọdún pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ lẹ́nu, tí ẹ̀jẹ́ náà kò sì ní í pé oṣù kan kí ó tó kú.

Èmi náà wà níbẹ̀. Ní Kàbà níhìn-ín, ilé ìsìn máa ń kún ní òru ọjọ́ náà débi pé ẹni tí ó bá pẹ́ dé, ìta nínú ọyẹ́ ni yóò dúró sí. Bí aago méjìlá bá ti lù, ariwo a sọ, omijé a sì máa bọ́. Ẹni kan a ní òun kò tún ní í fẹnu kan ọtí mọ́. Ẹlòmíràn a ní òun kò ní í jẹun alẹ́ mọ́ láéláé. Ní ọdún kan, èmi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni n óò máa fi rìn lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rìn. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọlọ́kadà kan dúró níwájú ilé mi, mo gun ọ̀kadà, ó parí!

Tèmi yìí ṣì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń fi oògùn wọn sílẹ̀ sínú ọdún tí ó kọjá. Obìnrin kan wà tí ó ń ta iṣu. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ní òru àìsùn ọdún, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní í gbé oògùn wọ ọdún titun. Kì í ṣe pásítọ̀ ni ó sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó da gbogbo hóró oògùn náà sí ààtàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Jánúárì, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e wá bá mi: ẹnu ti wọ́, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó wà láàyè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gúnyán mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè pé kí ló dé, ó ní ara òun ti le, kò sí ibi kan tí ó ń dun òun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ó lè kọjá 140 lókè àti 90 nísàlẹ̀ nínú ara ẹni tí ó ń jó lójú agbo. Bí oògùn bá sì ti mú un rọlẹ̀, oògùn náà ni ó di í mú, bí ìgbà tí ọwọ́ bá di ọmọrí ìkòkò mú lórí iná. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, iná ṣáà wà nísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní nọ́ọ̀sì yìí kò nígbàgbọ́. Mo nígbàgbọ́, mo sì ń gba àdúrà kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà Hesekáyà ọba, tí Ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣebí wòlíì Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà? Ìdáhùn àdúrà àti oògùn kò bá ara wọn jà níbẹ̀.

Naamani ọ̀gágun ni mo sì máa ń rántí jù. Ó ti múra sílẹ̀ fún ohun ńlá. Nígbà tí Èlíṣà ní kí ó kàn lọ wẹ̀ ní odò Jọ́dánì, inú bí i, àfi ìgbà tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀tù sí i nínú. Ẹ̀ẹ̀méje ni ó sì wẹ̀. Bí ó bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí ó nu ara rẹ̀ gbẹ tí ó sì gba ilé lọ ńkọ́?

Ohun rere kì í délẹ̀ lóòjọ́. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì láti Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ tí a ń dúpẹ́ rẹ̀ lónìí, ọdún 1952 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ó wà láàárín!

Àwọn onímọ̀ náà ti wò ó. Ní 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ ìwádìí kan jáde nípa ènìyàn 96 tí olúkúlùkù yan ohun kan ṣoṣo láti máa ṣe lójoojúmọ́, tí wọ́n sì so ó mọ́ ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí oúnjẹ àárọ̀. Bí ọjọ́ 66 ni ó sábà gbà kí ohun náà tó di bárakú. Ó yá fún àwọn kan, ọjọ́ 18. Ó pẹ́ fún àwọn mìíràn ju ọjọ́ 200 lọ. Ẹni tí ó bá sì gbàgbé ní ọjọ́ kan, kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èyí dùn mọ́ mi nínú. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ọlọ́kadà yẹn ni, ǹ bá rìn ní ọjọ́ kọkànlá.

Nítorí náà, ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ so ó mọ́ àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé yín: bí a bá ti ṣe "Àmín," kí ẹni tí ó ní oògùn lò ó kí ó tó dìde. Ẹ fi oògùn náà sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ẹni tí kò ní oògùn lè mú ti iyọ̀. Ajọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyíinì ni bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún gègèrè. Iyọ̀ inú magí, ti búrẹ́dì àti ti ìndómì wà nínú rẹ̀ o! Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó kò lè dín iyọ̀ kù bí ẹ bá ń pariwo pé ọbẹ̀ tẹ́. Ẹ gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Bí a bá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ahọ́n yóò gbà. Èyí tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò wá korò lẹ́nu yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti da oògùn nù láti òru àìsùn ọdún, ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ láti fi dí èyí tí ẹ fò. Ẹ lọ sí díspẹ́ńsárì tí ó súnmọ́ yín lọ́la, ẹ mú páálí oògùn náà dání bí ó tilẹ̀ ṣófo, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ti wa níhìn-ín ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bá lórí ìjókòó, n kò ní í bá yín wí.