Ta Ní Ń Pa Ẹjọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí ní Ìyìn, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé, "Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́, ẹjọ́ ti kú." Irọ́ ni. Ẹjọ́ gbèsè ní iye ọdún tí ó fi ń kú. Ṣùgbọ́n ìpànìyàn àti olè jíjà, òfin Nàìjíríà kò ka ọdún mọ́ wọn. Wọ́n pa Olóyè Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀, síbẹ̀ ní 2016 Ààrẹ Buhari pàṣẹ kí ọlọ́pàá tún ṣí ìwádìí náà. Ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre kò ní jẹ́jọ́ ẹ̀sùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí a kò tíì mú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ta ní ń pa ẹjọ́, nígbà náà? Àwa ni. Wọ́n ba ọmọ ọdún mọ́kànlá jẹ́, a ní "ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé." Àpò ìrẹsì kan, owó ìtọ́jú díẹ̀, àdúrà, ó parí! Ẹ gbọ́ o: nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, abala 218, ẹni tí ó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀ lè ṣe ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n oṣù méjì péré ni wọ́n fún wa láti fi pe ẹjọ́ náà. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀! Ọdún 2020 ni Sẹ́nétì tó dìbò kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èkìtì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọdé ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìwé tí agbẹjọ́rò olùfẹ̀sùnkàn yóò fà yọ? Ìpàdé ẹbí mẹ́ta, ká dúró de bàbá láti Èkó, ààwẹ̀ ọjọ́ méje: oṣù méjì ti lọ.

Ẹ má fi "ẹ dárí jì í" bò ó. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ṣe é sí, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ìrẹsì. Ẹ̀yin alàgbà tí ẹ ń gbé owó láti ilé kan dé èkejì, ẹni tí ó gba owó láti bo irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Láti ibẹ̀, ó di teṣàn. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹjọ́ sùn sílẹ̀, àti orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á.